Láti Èbúté Kútọ̀nú Dé Etí Òkun Ouidah

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá lọ sí Kútọ̀nú, ọjà ló ń gbé wa lọ. Mọ́tò tòkunbọ̀, ìrẹsì, aṣọ: ohun tí orúkọ ìlú náà ń mú wá sí wa lọ́kàn nìyẹn. A ó dúnàádúrà, a ó sanwó, a ó kọrí sílé. Òkun tó gbé ẹrù náà wá wà níbẹ̀, a kì í yà wò ó. Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Kétu tó ti pẹ́ ní Kútọ̀nú, ní ká wọ bọ́ọ̀sì àwọn arìnrìn-àjò afẹ́, ká fi odindi ọjọ́ kan tẹ̀ lé etí òkun láti èbúté títí dé Ouidah.

Ẹ̀gbẹ́ ògiri èbúté la ti gbéra. Ògiri yìí fúnra rẹ̀ tó àpéwò. Àwọn ayàwòrán ti fi ọ̀dà kun ún fún nǹkan bíi kìlómítà kan gbáko, ojú àwọn akọni, àwọn egúngún àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sì ń wo èèyàn bí bọ́ọ̀sì ṣe ń rọra kọjá. Lókè ògiri, ọrùn àwọn kíréènì ló ga fíofío, tí wọ́n ń gbé kọ̀ntéńà pupa, búlúù àti àwọ̀ ewé sókè sódò. Títí di ọdún 2023, ibẹ̀ ni apá púpọ̀ nínú ẹrù orílẹ̀-èdè Niger, tí kò ní etí òkun tirẹ̀, ti máa ń bọ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé e lọ sí àríwá.

Kò sí kọ́rọ̀ kankan tí ọkọ̀ lè sá sí ní etí òkun yìí látayébáyé. Ọkọ̀ ńlá a dúró sí ọ̀ọ́kán, ọkọ̀ kékeré a la ìgbì lọ bá a. Ní nǹkan bí ọdún 1891 ni àwọn Faransé na afárá irin kan wọ inú òkun, inú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sì ń kó èrò sí kí wọ́n tó sọ wọ́n kalẹ̀ sínú ọkọ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1965, lẹ́yìn òmìnira, ni wọ́n ṣí èbúté olómi jíjìn tí à ń wò yìí.

Ohun kan wà tí n kò lè yìn èbúté yìí kí n má sọ. Ìgbì tó ń wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn kì í dẹ́kun láti máa ti yanrìn lọ sí ìlà-oòrùn. Nígbà tí wọ́n fi òkúta ṣe odi wọ inú omi kí ọkọ̀ lè rí ibi tó pa rọ́rọ́ gúnlẹ̀ sí, odi náà dá yanrìn dúró. Ó ń kó jọ sí ìwọ̀-oòrùn, ilẹ̀ ibẹ̀ ń fẹ̀ sí i. Ìhà Akpakpa ní ìlà-oòrùn kò rí yanrìn gbà mọ́, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ó jẹ igi àgbọn, ó jẹ ọ̀nà, ó jẹ ọ̀pọ̀ ilé, kí ìjọba tó to òkúta sí etí omi láti fi pẹ̀tù sí i. Ẹni tó bá ń ra mọ́tò ní Kútọ̀nú, ó yẹ kó mọ̀ pé ilé àwọn kan ti bá èbúté náà lọ.

Bí a ṣe kúrò níbẹ̀ la dé ọ̀dọ̀ ère obìnrin ológun Dàhòmì, èyí tí wọ́n ṣí ní ọgbọ̀njọ́ oṣù keje ọdún 2022. Ọgbọ̀n mítà ni gíga rẹ̀, Li Xiangqun, oníṣẹ́ ọnà ará Ṣáínà, ló ṣe é. Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí. Àwọn obìnrin yìí wà lára ogun tó wá ká wa mọ́ Abẹ́òkúta ní 1851 àti ní 1864, tí Olúmọ kò gbà fún. Ogun Dàhòmì kan náà ló fọ́ Kétu ní 1886, tó sì kó àwọn ọmọ ibẹ̀ lẹ́rú. Mo yíjú sí ọ̀rẹ́ mi, mo bi í bóyá kò dùn ún láti máa rí ère yìí lójoojúmọ́.

Ó ní, “Ó ń dùn mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n wò ó dáadáa, ọ̀rẹ́ mi. Ìwọ náà rí i pé akọni ni.”

Mo rí i. Ó gúnwà, ojú rẹ̀ kò fi ìbẹ̀rù hàn, oòrùn àárọ̀ sì ń tàn lára rẹ̀. Ère tó dára ni, ọmọ Ẹ̀gbá ló sọ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn àdúgbò Fidjrossè, ọ̀nà àwọn apẹja bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí ogójì kìlómítà ni títí dé Ouidah. Òkun wà lápá òsì, ọ̀sà wà lápá ọ̀tún lẹ́yìn àwọn igi àgbọn. Awakọ̀ dúró fún wa níbi tí wọ́n ti ń fa àwọ̀n. Ọkọ̀ ti gbé àwọ̀n náà wọ inú òkun láàárọ̀, ó tẹ́ ẹ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ó dá okùn méjèèjì padà sí èbúté yanrìn. Ọ̀wọ́ èèyàn méjì ló di okùn mú, ọkùnrin, obìnrin àtàwọn ọmọdé, wọ́n ń fi orin fà á, ẹsẹ̀ wọn ń rì sínú yanrìn bí orin náà ti ń lọ. Ó pẹ́ kí àwọ̀n tó yọ. Nígbà tó yọ, ẹja wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀, wọ́n ń ta pàrà, wọ́n ń kọ mànà bí fàdákà, àwọn obìnrin sì ti gbé abọ́ dúró. Nínú gbogbo ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà, èyí ni mo fẹ́ràn jù.

Ní etí òkun Ouidah ni Ẹnubodè Àìpadàbọ̀ wà, tí wọ́n kọ́ ní 1995 sí òpin ọ̀nà tí àwọn ẹrú gbà dé òkun. Ní 1860, etí òkun yìí ni wọ́n ti kó àádọ́fà èèyàn sínú ọkọ̀ Clotilda lọ sí Alabama, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Amẹ́ríkà ti fòfin de kíkó ẹrú wọlé láti 1808. Kossola, ọmọ Yorùbá láti agbègbè Bantè, wà lára wọn. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Africatown sílẹ̀ lẹ́yìn òmìnira wọn. Ó kú sọ́hùn-ún ní 1935, kò fojú kan ilé mọ́. Èdè wa ló ń sọ nígbà tí wọ́n mú un kọjá lórí yanrìn yìí.

Ẹ̀yin tí ọjà ń gbé lọ sí Kútọ̀nú, ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún ìrìn àjò yìí, kí ẹ sì mú àwọn ọmọ yín dání. Àkókò ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù. Bí ẹ bá ń lọ, apá òsì bọ́ọ̀sì ni kí ẹ jókòó sí, kí ẹ lè rí òkun. Ẹ má ṣe lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ o; ìgbì etí òkun yẹn le, ó sì ń gbé èèyàn lọ.