Abọ́ Oúnjẹ Lójú Onímọ̀ Àwùjọ
Mo gba ti Anne Murcott, onímọ̀ àwùjọ. Ní gúúsù Wales, ó fọ̀rọ̀ wá àwọn aboyún lẹ́nu wò lórí oúnjẹ ilé wọn, ó sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1982. Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá ṣáà ti jinná ni wọ́n ń pè ní oúnjẹ gidi: ẹran gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú pòtétò àti ẹ̀fọ́, kí omi ọbẹ̀ sì bò ó. Ọkọ tó ń tibi iṣẹ́ bọ̀ ni wọ́n ń sè é dè. Bó bá ku obìnrin nìkan ńlé ńkọ́? Ìpápánu ni. (Ta ni kò mọ irú ìyá bẹ́ẹ̀?) Ẹlòmíì ì bá máa ka èròjà aṣaralóore, Murcott ń wo ẹni tó ń sè, àti ẹni tí wọ́n ń torí rẹ̀ dáná.