Igi Ló Kọ́kọ́ Sọ Yorùbá

Nínú ìwé àtìgbàdégbà wa yìí, ewì àti ìtàn àròsọ la sábà máa ń yẹ̀ wò. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ n yẹ igi wò. Igi tí mò ń sọ ni ère àti ilẹ̀kùn tí àwọn agbẹ́gilére Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ fún Ìjọ Kátólíìkì láti ọdún 1947. Mo gbé e wá síbí nítorí ọ̀rọ̀ kan tí kì í tán lẹ́nu àwa ọmọ Àgùdà nínú ọgbà yìí: ṣé Ìjọ tí wọ́n bí wa sí ṣì ní àyè fún wa nínú ayé òde òní, àbí ká káàárù wa ká gba fẹ́lóṣíìpù lọ bí àwọn tó kù? Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ ọnà yẹn ti dáhùn apá kan ìbéèrè yìí. Apá kejì ló kù, òun náà ló sì ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Ọyẹ́-Èkìtì. Ibẹ̀ ni àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ SMA ti dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní 1947. Fádà O'Mahony àti Fádà Kevin Carroll ló wà nídìí rẹ̀. Wọ́n ń gbẹ́gi níbẹ̀, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́. Nígbà tó fi máa di 1954, ibi iṣẹ́ yẹn ti kógbá sílé, ṣùgbọ́n Carroll ò pa àwọn agbẹ́gilére tì. Ní 1967, ó tẹ ìwé jáde nípa iṣẹ́ wọn, Yoruba Religious Carving.

Ta wá ni wọ́n pè wá gbẹ́gi? Wọ́n pe George Bándélé, ọmọ Areogun ará Ọ̀sì, ògbóǹtarìgì agbẹ́gilére tí ààfin àti ilé òrìṣà mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa. Làmídì Fákẹ́yẹ náà dé láti Ìlá Ọ̀ràngún, ó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé. Ìdílé agbẹ́gilére ni wọ́n bí Fákẹ́yẹ sí, Mùsùlùmí sì ni títí ó fi kú ní 2009. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti dé Ilé-Ifẹ̀, ère Odùduwà tó wà ní gbọ̀ngàn Odùduwà ní yunifásítì ibẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló ti jáde. Òun kan náà ló gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ilé ìsìn Kátólíìkì ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ṣé ẹ rí i? Mùsùlùmí ló gbẹ́ ilẹ̀kùn tí àwọn Kátólíìkì ń gbà wọlé lọ gba Mísà.

Ní ti iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ẹ wo àwọn Amòye tó wá kí Jésù nínú ère tí Bándélé gbẹ́. Ẹ ò ní rí òyìnbó onírùngbọ̀n kankan níbẹ̀. Ọba Yorùbá ni wọ́n. Orí ère tóbi ju bí orí ènìyàn ṣe máa ń tóbi lọ, nítorí orí la kà sí. Ojú wọn tutù, wọn ò sunkún, wọn ò rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti rí ère ìbejì rí máa mọ̀ pé ilé kan náà ni wọ́n ti wá. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé agbẹ́gilére ò ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn gbẹ́ ẹ bí ẹni tó mọ̀ pé Jésù lè di ọmọ àdúgbò.

Ẹ rántí pé ní gbogbo ìgbà yìí, èdè Látìn ni Fádà fi ń ka Mísà, ó sì kọ ẹ̀yìn sí ìjọ. Ìwàásù àti orin lè jẹ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Mísà gan-an, Látìn ni. Ìpàdé ńlá Vatican Kejì, tó wáyé láti 1962 sí 1965, ló yí i padà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 1963 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé tó fàyè gba èdè ìbílẹ̀ nínú ìsìn, tó sì ní kí gbogbo ìjọ kópa pẹ̀lú òye, kí wọ́n má kàn jókòó máa wòran. Ọyẹ́-Èkìtì ti fi ọdún 16 ṣáájú wọn. Igi ló kọ́kọ́ sọ Yorùbá nídìí pẹpẹ, kí àlùfáà tó sọ ọ́.

Inú gbogbo ènìyàn kọ́ ló dùn sí i o. Àwọn onígbàgbọ́ kan ní ère òrìṣà ni wọ́n fẹ́ fi ẹ̀yìn gbé wọlé. Ìdáhùn Carroll ni pé ìgbésí ayé ọmọ ènìyàn ló pọ̀ jù nínú igi tí Yorùbá ń gbẹ́: ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n, ọdẹ, ẹlẹ́ṣin, ọba. Mo fara mọ́ ọn níbẹ̀. Ìyá àti ọmọ kì í ṣe ohun ìní òrìṣà kan ṣoṣo.

Títí dòní, bí wọ́n bá ń yin iṣẹ́ Ọyẹ́, ẹwà rẹ̀ ni wọ́n máa ń yìn. Èmi ń wo ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é. Ìjọ lọ bá ẹni tó mọ iṣẹ́, kò bi í pé ta ló ṣèrìbọmi fún un, kò sì fún un ní àwòrán òyìnbó pé kó dà á kọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Fádà Dominican ní Ìbàdàn ṣe gbé ilé ìsìn wọn fún Demas Nwoko, ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní Zaria, pé kó yà á bó ṣe yé e. Ní 2023, wọ́n fún Nwoko ní ẹ̀bùn Golden Lion ní Venice fún iṣẹ́ ilé yíyà tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Ẹni tí wọ́n bá fọkàn tán, á ṣe ju ohun tí wọ́n rán an lọ.

Àmọ́ níbi yìí ni mo ti ní ẹjọ́ sọ. Ní Ọyẹ́, Fádà ló ń sọ ohun tí wọ́n máa gbẹ́. Bó ṣe máa rí nìkan ló kù sọ́wọ́ agbẹ́gilére. Kí ni ikú Jésù jẹ́ lójú ọmọ Areogun? Kí ló wà lọ́kàn Fákẹ́yẹ bó ṣe ń gbẹ́ Màríà, tí òun náà mọ Màríà nínú Kùránì? Wọ́n gba iṣẹ́ ọwọ́ wọn, wọn ò gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn.

Àìsàn yẹn náà ló ń ṣe ìjọ wa dòní. Ẹ lu dùndún, ẹ jó gbé ọrẹ lọ sídìí pẹpẹ, ẹ ró aṣọ ẹgbẹ́, kò séwu. Ẹ wá béèrè ọ̀rọ̀ wò! Níbi ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ kan, mo gbọ́ tí ọmọbìnrin kan béèrè bó ṣe máa máa gbàdúrà lẹ́yìn tí àbúrò rẹ̀ kú. Ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé kó ṣáà gbàgbọ́. Ó dákẹ́. Kò pé oṣù mẹ́ta tó fi bá ti fẹ́lóṣíìpù lọ. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu ló wá lọ, ó ní níbẹ̀ wọ́n jókòó tì í, wọ́n sì gbọ́rọ̀ rẹ̀ tán.

Ẹnì kan lè ní Ìjọ kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú, a ò lè dìbò yan ohun tí a máa gbà gbọ́. Òótọ́ ni. Bándélé náà ò yí ìtàn ìbí Jésù padà. Ṣùgbọ́n òun ló mọ igi, òun ló mọ ibi tí àáké lè bà á jẹ́. Àwa náà mọ ìgbésí ayé tiwa: owó ilé-ìwé, ìyanṣẹ́lódì, ìfẹ́, àìríṣẹ́ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ ìgbàgbọ́ sínú ayé yìí láìbi wá léèrè, igi yẹn á là mọ́ ọn lọ́wọ́.

Kì í sì í ṣe àṣà tuntun. Ní Èkó, kí àlùfáà tó wá fìdí kalẹ̀ síbẹ̀ ní àwọn ọdún 1860, ọkùnrin kan tó ti Bràsíìlì dé ló ń kó àwọn ọmọ ìjọ jọ fún àdúrà. Padre Antonio ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò joyè àlùfáà. Àgùdà tí wọ́n ń pè wá dòní, orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn tó ti Bràsíìlì dé nìyẹn. Ọmọ ìjọ lásán ló kọ́kọ́ da ìjọ wa.

Róòmù náà ti ń rántí. Ní Sínọ́ọ̀dù tí Póòpù Francis pè láti 2021 sí 2024, wọ́n ní kí wọ́n gbọ́ ẹnu ọmọ ìjọ láti ìsàlẹ̀ wá. Ní oṣù Kẹwàá 2023, àwọn obìnrin dìbò níbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Francis ti di olóògbé ní oṣù Kẹrin 2025, Leo Kẹrìnlá ló gorí àléfà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá dúró de Róòmù kó tó kan ọgbà wa, a ti gba ìwé-ẹ̀rí lọ.

Nítorí náà, àbá tèmi rèé. Ọ̀nà Àgbélébùú ní ibùdó 14. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa kọ mẹ́rìnlá tiwa ní Yorùbá kí Lẹ́ńtì tó dé. Ibi tí Jésù ti pàdé ìyá rẹ̀, kí ẹni tó mọ ìyá tó dúró de ọmọ lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá kọ ọ́. Ibi tí Símónì ti bá a gbé igi, kí ẹni tó ń ṣe alábàárù san owó ilé-ìwé kọ ọ́. Mùsùlùmí àárín wa náà, ẹ bọ́ síbẹ̀, Fákẹ́yẹ ti ṣíṣẹ̀ fún yín. Ká wá gbé e lọ bá Fádà pé kó jẹ́ ká kà á lọ́jọ́ Ẹtì kan. Bó bá gbà, ó dáa. Bí kò bá gbà, ẹ̀rọ fọ́tòkọpí wà níbẹ̀, kì í béèrè bóyá ènìyàn joyè àlùfáà.