"Ń" àti "-ing": Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ lórí Ìkọ́ni ní Ibá Atẹ́rẹrẹ Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Festac àti Amúwo-Ọ̀dọ̀fin

Nígbà tí Nàìjíríà gbàlejò àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú, FESTAC '77, láàárín ọjọ́ 15 oṣù Kìíní àti ọjọ́ 12 oṣù Kejì, ọdún 1977, ilé tí ìjọba kọ́ sí Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ni ọ̀pọ̀ àlejò wọ̀ sí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sọ pé "I am living in Festac", gbólóhùn rẹ̀ gún régé, nítorí pé kò ní pẹ́ padà sí ìlú rẹ̀. Lẹ́yìn àjọ̀dún ni wọ́n pín ilé wọ̀nyí fún ará ìlú. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, tí àwọn òbí rẹ̀ kò sì ní èrò àtikó jáde, a máa sọ gbólóhùn kan náà gan-an, bẹ́ẹ̀ "I live in Festac" ni ó ní lọ́kàn. Ó sọ ara rẹ̀ di àlejò nínú ilé bàbá rẹ̀ láìmọ̀.

Àṣìṣe yìí kò ṣẹ̀yìn òfin kúkúrú kan tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń kọ́ni: níbi tí "ń" bá ti wà nínú Yorùbá, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi "-ing" sí Gẹ̀ẹ́sì. Òfin náà ṣiṣẹ́ dáadáa nínú "Adé ń jẹun". Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ka gírámà Bámgbóṣé (1966) tàbí ti Awóbùlúyì (1978) mọ̀ pé ọ̀rọ̀ "ń" kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. "Ń" ń ṣiṣẹ́ fún ibá atẹ́rẹrẹ, ó sì tún ń ṣiṣẹ́ fún ibá bárakú. "Ìyá Bísí ń ta ẹja ní Agbójú" jẹ́ òótọ́ bí obìnrin náà bá wà nídìí igbá, ó sì jẹ́ òótọ́ bí ó bá ti sùn fọnfọn sílé. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà bẹ́ẹ̀: "is selling" ni ti àkọ́kọ́, "sells" ni ti èkejì.

Ní Festac, kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ń ti ọmọ sí ọ̀nà yìí. "Na" inú èdè Ìgbò ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, "dey" inú Pijin náà sì ń ṣe é. Ọmọ Ìgbò, ọmọ Yorùbá àti ọmọ tí Pijin nìkan ń ti ẹnu rẹ̀ jáde ní Mile 2 yóò pàdé lórí "I am hearing you", ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò sì rò pé òun tọ̀nà.

Àmọ́ ìdájọ́ tí ó di gbogbo ẹrù ru èdè abínibí kò tọ́. Ìdájọ́ yìí kan náà ni àwọn kan fi ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tí ó bá sọ "fanákúlà" ní kíláàsì. Bí ó bá jẹ́ pé Yorùbá ni ó ń fa gbogbo àṣìṣe yìí, níbo ni "I am having a car" àti "I am knowing him" ti wá? Yorùbá kì í sọ pé "mo ń ní ọkọ̀". "Mo ní ọkọ̀" ni. "Mo mọ̀ ọ́n" ni, kì í ṣe "mo ń mọ̀ ọ́n". Ọmọ tí ó bá tẹ̀ lé èdè ìyá rẹ̀ níbí kò ní ṣìnà rárá. Ó dà bí ẹni pé inú àtúnwí ojoojúmọ́ ní kíláàsì, níbi tí "-ing" ti di ọ̀ṣọ́ gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe, ni irú èyí ti ń jáde.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ní irinṣẹ́ tí olùkọ́ lè lò, ìyẹn "lọ́wọ́". "Adé ń jẹun lọ́wọ́" dùn létí. "-Ing" ni kí akẹ́kọ̀ọ́ lò. "Mo ń gbé Festac lọ́wọ́" kò bọ́ sí i, "mo ń gbọ́ ọ lọ́wọ́" kò bọ́ sí i. Kí ó fi "-ing" sílẹ̀. Ìyísódì náà ń ṣèrànwọ́: "kì í ta ẹja" jẹ́ ti bárakú nìkan. Kò sí ohun ìtìjú nínú kí Yorùbá la ọ̀nà fún Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ tí Fáfúnwá léwájú rẹ̀ láti ọdún 1970 fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀.

Irinṣẹ́ yìí ní ààlà. "Mo ń lọ sí Ìbàdàn lọ́la" kò gba "lọ́wọ́", síbẹ̀ "I am going" ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. "Ń" kò sì sọ àsìkò: nínú "ó ń sùn nígbà tí bàbá dé", àfi kí akẹ́kọ̀ọ́ wo "nígbà tí bàbá dé" kí ó tó mọ̀ pé "was" ni yóò lò. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọ "is".

Èyí tí ó le jù ni "mo ń bọ̀". Òǹtajà ní Agbójú yóò kọ̀yìn sí oníbàárà, yóò máa lọ wá ṣéńjì, yóò sì wí pé "I am coming". Kò sí àṣìṣe kankan nínú gírámà gbólóhùn náà, olùkọ́ kò sì ní rí ibi tí yóò fa ìlà sí. Síbẹ̀ àjèjì tí ó gbọ́ ọ yóò dúró, yóò máa wo ẹ̀yìn ẹni tí ó ní òun ń bọ̀ bí ó ṣe ń lọ.