Kì í ṣe ìrántí, ìfura ni



Ọ̀kan nínú yín tó ń ṣiṣẹ́ ìlera fi ìwé ìléwọ́ kan ránṣẹ́ sí mi, ó ní, "Prof, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ Yorùbá inú rẹ̀ wò." Èdè rẹ̀ já gaara, àmì ohùn rẹ̀ sì pé, ó yẹ ká yìn wọ́n. Àmọ́ gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè fojú fò. Wọ́n ní oríṣi ọmọ ogun méjì ló wà nínú ara: àwọn òpè tí kì í rántí nǹkan kan, àti àwọn ọ̀mọ̀wé tí kì í gbàgbé ọ̀tá. Wọ́n ní àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ni àjẹsára ń kọ́ lẹ́kọ̀ọ́.

Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ nìyẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ti kúrò níbẹ̀. Ní 2011, Mihai Netea àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nijmegen, nílẹ̀ Netherlands, sọ ohun kan lórúkọ: trained immunity. Ní 2012 wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n gún àwọn tí ara wọn dá ní abẹ́rẹ́ BCG, àjẹsára ikọ́ ife tí wọ́n kọ́kọ́ fún ọmọ ìkókó ní Paris ní 1921. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àwọn monocyte inú ẹ̀jẹ̀ wọn, àwọn "òpè" yẹn gan-an, ṣì ń dáhùn kíkankíkan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àní sí àwọn kòkòrò tí kò bá ti ikọ́ ife tan rárá.

Ẹ ó ní, ṣebí monocyte kì í lò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ nínú ẹ̀jẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Inú mùdùnmúdùn eegun la ti ń bí wọn. Ìyá wọn tó wà níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà wọ̀ lára, tó sì fi lé ọmọ lọ́wọ́. Jíìnì kò yí padà. Ńṣe ló dà bí ìwé tí a ti ṣẹ́ etí ojú ewé rẹ̀ kan, kó lè tètè ṣí síbẹ̀.

Àìsàn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní 2023 fi hàn pé àwọn ọkùnrin tí Kòrónà ti ṣe wẹ́rẹ́, tí ara wọn sì ti yá, dáhùn sí abẹ́rẹ́ àrùn gágá ju àwọn ọkùnrin tí kò ṣe rí lọ, àti ju àwọn obìnrin tó ti ṣe.

Ẹ wá jẹ́ ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń rántí, ó ní ohun pàtó tó ń rántí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí kò mọ ọ̀tá kan pàtó. Àwọn àgbà ti sọ tiwọn: ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ìyẹn kì í ṣe ìrántí, ìfura ni. Ìfura sì loògùn àgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àpọ̀jù rẹ̀ lè da ilé rú. Ara tó ń fura jù lè máa wú láìsí ọ̀tá.

Ṣé mò ń ṣàríyànjiyàn lásán ni? Rárá o. Ní 2020, lójú ewé yìí, èmi fúnra mi kọ ọ́ pé àpá BCG tó wà lápá àwọn ọmọ wa á gbà wọ́n lọ́wọ́ Kòrónà, torí pé "ara wọn rántí." Púpọ̀ nínú yín pín in kiri. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣì mí lọ́nà. Nígbà tí àbájáde ìwádìí BRACE lórí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera jáde ní 2023, BCG kò dín ewu Kòrónà kù fún wọn. Mo tọrọ àforíjì.

Ṣùgbọ́n ẹ má da gbogbo rẹ̀ nù. Ní Guinea-Bissau, nínú àwọn ọmọ tí wọn kò tẹ̀wọ̀n tó nígbà ìbí, àwọn tó tètè gba BCG kì í kú tó àwọn tí wọ́n dá tiwọn dúró, láàárín oṣù àkọ́kọ́. Ikọ́ ife kọ́ ló sì ń pa ọmọ oṣù kan. Ìyá tó bá ka ìwé ìléwọ́ yẹn lè sọ pé, "Ikọ́ ife ò sí nílé wa, ó di ìgbà tí mo bá ráyè." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dun èèyàn.

Mo ti fi báírò pupa fa "òpè" tì, mo kọ "ẹ̀ṣọ́ tó ń fura" sí i. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó kọ ọ́ sí mi.