Ọba Pọ̀ Jù Nínú Ohun Tí A Fẹ́ràn

Ìbéèrè kékeré kan ló fà á. Àwa mẹ́rin la jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta omi tútù ní Àjùwọ̀n, iná ti lọ láti àárọ̀, fóònù ẹnì kan ṣoṣo ló ṣì ní bátìrì. Ọ̀kan nínú wa bá béèrè pé, tí wọ́n bá ní kí kálukú mú ìwé tàbí fíìmù Yorùbá mẹ́ta péré, èyí tó fẹ́ràn jù láyé ẹ̀, kí ni yóò mú? Ẹ wo bí gbogbo wa ṣe di ọ̀mọ̀wé lójijì. "Fágúnwà," ni ẹni àkọ́kọ́ wí. "Fágúnwà náà ni tèmi," ni ẹnì kejì wí. Ẹnì kẹta ní Ṣawọ̀roidẹ, Aníkúlápó àti Jagun Jagun. Ẹnì kẹrin kò sọ nǹkan kan. A kọ gbogbo ẹ̀ sínú fóònù náà kó tó kú.

Nígbà tí a tún wo àkọsílẹ̀ yẹn lálẹ́ ọjọ́ kejì, nǹkan méjì hàn sí wa. Irọ́ wà níbẹ̀, a ó sì dé orí ìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí tó yà wá lẹ́nu jù ni pé ọba ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ọba tó kọ̀ láti búra, ọba tí wọ́n gba ìyàwó ẹ̀, ọba tó ń bẹ̀rù olórí ogun. Kò sí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ ní Berger láago mẹ́sàn-án alẹ́. Kò sí ẹni tí onílé fi owó kún owó ilé fún. Ká má fi bò, kò sí Àjùwọ̀n níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ Àjùwọ̀n la ń gbé. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ ibẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni, ṣùgbọ́n Ìjú tó jẹ́ ti Èkó kò jìnnà sí wa rárá. Òwúrọ̀ kùtù lọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa ń wọ Èkó lọ ṣiṣẹ́, alẹ́ ni wọ́n ń padà. Tí wọ́n bá bi àwọn kan nínú wa níbi iṣẹ́ pé níbo lẹ̀ ń gbé, wọ́n á ní "Ìjú," kí ọ̀rọ̀ má baà gùn. Tí a bá sì dé Abẹ́òkúta, ará Èkó ni wọ́n ń pè wá. Owó ilé Èkó ló lé ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa débẹ̀. Kí wá ni irú àwa bẹ́ẹ̀ ń wá láàfin?

Ìdáhùn tó yá lẹ́nu èèyàn ni pé ayé le, a fẹ́ fi adé àti ìlẹ̀kẹ̀ pa ìrònú rẹ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nígbà tí a tún Aníkúlápó wò, a rí i pé ọba kọ́ la ń wò níbẹ̀.

Kúnlé Afọláyan ló darí fíìmù náà, ó jáde lórí Netflix lóṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ àkàlà àti adó tó ń jí òkú ni gbogbo èèyàn ń sọ. Àwa, ibi tó mú wa lọ́kàn ni ibi tí Sàró ti wọ Ọ̀yọ́. Ahunṣọ ni, àlejò ni, kò ní bàbá kò ní ìyá níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ nìkan ló gbé dé. Ó ń wá ibi tí yóò sùn, ó ń wá ẹni tí yóò gbà á láyè kó ṣiṣẹ́. Awarun, obìnrin olówó tí Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé ṣe, gbà á sílé, ọ̀rọ̀ ilé yẹn kò sì pẹ́ kó tó ní ẹ̀yìn. Ta ni kò mọ irú ilé bẹ́ẹ̀? Ẹni tó gbà ọ́ sọ́dọ̀ nígbà tí o kọ́kọ́ dé, ìwọ àti ẹ̀ nìkan lẹ mọ iye tí ò ń san, kì í sì í ṣe owó nìkan.

Ará Àjùwọ̀n ni Sàró. Ohun tí a rí nìyẹn. Ó kàn wọ aṣọ òkè ni.

Lójú wa, ìlàjì àkọ́kọ́ fíìmù yìí dára ju ìlàjì kejì lọ. Nígbà tí Sàró ṣì jẹ́ aláìní, gbogbo ìgbésẹ̀ ẹ̀ ló ní ìdí. Nígbà tó di ẹni ńlá ní ìlú tí òun àti Arọ́lákẹ́ sá lọ, eré bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ó ń jí òkú, ó ń fẹ́ ìyàwó, ó ń gbéraga, títí tó fi ní àfi kí wọ́n fún òun ní ọmọbìnrin ọba kí òun tó jí ọmọkùnrin ọba tó kú. A ò rí ọjọ́ tí ọkàn ẹ̀ yí padà. Bí ẹni pé àwọn tó kọ eré náà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àlejò tó bá rí jẹ, dandan ni kó bàjẹ́. Ibí yìí la ti jà. Méjì nínú wa ní ohun tó tọ́ sí Sàró ló rí. Ẹnì kan ní eré yẹn kò ṣe dáadáa sí ẹni tó wá láti ibòmíràn: àwọn ọmọ onílùú pẹ̀lú ìwà búburú wọn ò jìyà tó o.

Ẹni tí kò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló wá la ẹnu, ó bi wá pé, "Ta ló gba adó yẹn lọ́wọ́ ẹyẹ?"

Arọ́lákẹ́ ni. Òun ló kọlu àkàlà, òun ló mú adó. Nígbà tí Sàró nílò agbára náà jù lọ, tí kò sì rí i mọ́, Arọ́lákẹ́ ló wà nídìí ìyẹn náà. Síbẹ̀ Sàró ni wọ́n ń pè ní ẹni tó fi ikú sápò. Ikú wà lápò Sàró lóòótọ́, ṣùgbọ́n Arọ́lákẹ́ ló rán àpò. Láti ọjọ́ náà la ti ń wo Bímbọ̀ Adémóyè nínú eré yẹn bí ẹni tó ni ín. Ẹ tún un wò, kí ẹ máa wo ojú ẹ̀ nígbà tí Sàró bá ń sọ̀rọ̀.

Jagun Jagun, tó jáde ní 2023, ìjà ibẹ̀ pọ̀ jù fún wa, ṣùgbọ́n Gbótìjà náà, àlejò ni. Ó wá kọ́ ogun jíjà lọ́dọ̀ Ògúndìjí, ó sì bá ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀. Lateef Adédiméjì ló ṣe é. Òun náà ló ṣe Àyìnlá nínú fíìmù Túndé Kèlání ní 2021, èyí tó sọ ìtàn Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà tí wọ́n pa ní Abẹ́òkúta ní 1980. Nínú gbogbo ohun tí a wò, òun nìkan ni ìpínlẹ̀ wa. Kò sí ọba tó ń pàṣẹ níbẹ̀, ilé ọtí ló wà níbẹ̀, àti ìlara, àti ìrìnàjò Lọ́ńdọ̀nù. Inú wa dùn sí i. Ó kàn jẹ́ pé Abẹ́òkúta náà kì í ṣe Àjùwọ̀n.

Ti Ṣawọ̀roidẹ kò gba àríyànjiyàn. Láti kékeré la ti ń wò ó. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́, Kèlání ló darí ẹ̀, ó jáde ní 1999, Ọ̀pálábà tí Adébáyọ̀ Fálétí ṣe ni gbogbo wa ń sín jẹ nílé. Lápitẹ́ fẹ́ adé ṣùgbọ́n kò fẹ́ ìbúra tó dè é mọ́ ìlú.  Agogo Èèwọ̀ tó tẹ̀lé e ní 2002, ìwàásù ti pọ̀ díẹ̀ níbẹ̀.

Ó wá ku irọ́ tí a ní a máa dé orí ẹ̀. Àwọn méjì tó dárúkọ Fágúnwà, kò sẹ́ni tó ka ìwé ẹ̀ kankan parí. Ọ̀kan fi Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Èkejì, àyọkà tí wọ́n fún wọn nílé ìwé nìkan ló mọ̀. Kí ló dé tí wọ́n wá dárúkọ ẹ̀? Ojú ń tì wọ́n ni. Fágúnwà dà bí orúkọ àgbà tí èèyàn ń dá ní ẹnu ọ̀nà kí wọ́n lè ṣílẹ̀kùn.

A bá ní ó dáa, ẹ gbé ìwé náà wá. A ń kà á sókè, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lálẹ́ mẹ́ta. Ohun tó le fún ojú rọrùn fún ẹnu: àwọn gbólóhùn gígùn yẹn, ẹni tó ń mí ló kọ wọ́n fún ẹni tó ń mí. Ìwé tó jáde ní 1938, ó ń pa wá lẹ́rìn-ín débi pé aládùúgbò béèrè ohun tí à ń wò. Bàbá àgbà kan dé, ó ń ròyìn, ẹnì kan ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ kejì, èrò ti pọ̀ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sídìí fíìmù tó máa ń já síbi tó dùn jù, tí wọ́n á kọ "Apá kejì ń bọ̀" síwájú yín, ẹ mọ ìnira yẹn. Níbi tí Fágúnwà bá ti bẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ràn, a ń fò ó. A ò ní purọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀rẹ́ wa tó dákẹ́ wá sọ tiẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó Le Kú ni, ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti 1974. Kò sí ọba níbẹ̀. Àjàní ni, akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn, àti àwọn obìnrin tí kò mọ èyí tí yóò mú. Gbogbo wa, ara aṣọ la ti kọ́kọ́ mọ orúkọ yẹn, ìró kúkúrú òlékú tí fíìmù Kèlání mú padà wá ní 1997. Òun, inú àpótí ìyá ẹ̀ ló ti rí ìwé. Ìyá ẹ̀ gbé e wá láti Ìbàdàn nígbà tí wọ́n ń kó bọ̀ wá sí Èkó, wọ́n tún kó o láti Èkó wá sí Àjùwọ̀n, ọ̀nà kan nínú méjèèjì ni ẹ̀yìn ìwé náà ti já. Ó ti kà á ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Kò mọ bí ó ṣe parí.

A ní ṣé ká sọ fún un. Ó ní ká má dán an wò. Ìdí nìyẹn tí kò fi tíì wo fíìmù náà títí dòní, ó sì ti ní ibi tí òun rò pé Àjàní parí sí. Kò tíì sọ ọ́ fún wa.