Aṣọ Dúdú Lára Òpó

Ìdájí ọjọ́ 17, oṣù Kìíní, ọdún 1995, ni ilẹ̀ mì ní Kobe, lórílẹ̀-èdè Japan. Àwọn tó bá a lọ lé ní 6,400. Àwòrán tí ayé rí jù nínú àjálù náà ni ti ọ̀nà márosẹ̀ olókè, Hanshin, tí nǹkan bíi mítà 635 rẹ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tòun ti òpó.

Irin kúkú wà nínú irú àwọn òpó àtijọ́ bẹ́ẹ̀. Rìǹgì ni kì í tó, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tẹ̀ yí irin òòró ká. Bí ilẹ̀ bá ń ti òpó síhìn-ín sọ́hùn-ún tí rìǹgì sì jìnnà síra, kọnkéré á fọ́ sí wẹ́wẹ́, irin òòró á wọ́, ẹrù orí á sì jókòó lé gbogbo rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ òpó tó ṣẹ́ kù ni wọ́n fi irin pẹlẹbẹ wé lẹ́yìn náà. Ó dára, àmọ́ irin wúwo: kírénì ní í gbé e, wẹ́dà ní í jó o pọ̀. Abẹ́ afárá rélùwéè tí ṣọ́ọ̀bù kún inú rẹ̀ kò gba kírénì. Irú ibẹ̀ ni aṣọ fọ́nrán kábọ́ọ̀nù wúlò sí. Ní Osaka, tó múlé gbe Kobe, ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Akio Shindo, ti ṣiṣẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1960 lórí bí a ṣe ń sun fọ́nrán polyacrylonitrile, ẹbí èyí tí wọ́n fi ń hun súwẹ́tà, títí á fi di kábọ́ọ̀nù.

Fọ́nrán náà tín-ín-rín débi pé irun orí nípọn jù ú lọ ní bíi ìlọ́po mẹ́wàá. Nínú irú aṣọ kan tó wọ́pọ̀, gíráàmù 300 péré ni fọ́nrán inú mítà kan níbùú, mítà kan lóòró. Sísanra rẹ̀ kò pé ìdá márùn-ún mìlímítà kan. Àlùmọ́gàjí a gé e. Ṣùgbọ́n kí o fà á lọ́nà gbọọrọ rẹ̀, agbára tí yóò já a ju ìlọ́po márùn-ún èyí tí yóò já irin rọ́ọ̀dù tó sanra bákan náà.

Èmi kì í wo ọwọ́ tó ń lẹ aṣọ kí n tó mọ ẹni tó mọṣẹ́. Gíráńdà ni mò ń wò. Ó gbọ́dọ̀ ha awọ ẹfun tó bo kọnkéré kúrò títí òkúta wẹ́wẹ́ á fi yọjú. Tó bá jẹ́ òpó onígun mẹ́rin ni, ìgbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí etí igun tó mú ni aṣọ ti ń já. Ìlànà ACI, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ kọnkéré ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n ha igun náà títí rẹ́díọ́ọ̀sì rẹ̀ á fi tó mìlímítà 13, ó kéré tán. Àgbà oníṣẹ́ á ha á, á fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀, á tún ha á. Gegele tí ojú fò, ọwọ́ á bá a. Ihò ńkọ́? Pọ́tì ni wọ́n fi ń dí i.

Gọ́ọ̀mù epoxy tí wọ́n fi ń lẹ aṣọ náà jẹ́ oríṣi méjì tí wọ́n ń pò pọ̀, bó bá sì ti pò tán, kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ń gbóná fúnra rẹ̀. Èyí tó pọ̀ nínú garawa máa ń tètè le ju èyí tí wọ́n ti fà tẹ́ẹ́rẹ́ sára òpó, ìdí nìyẹn tí ọlọ́gbọ́n fi ń po ìwọ̀nba. Wọ́n á fi róólà fà á, wọ́n á tẹ́ aṣọ lé e kí fọ́nrán rẹ̀ yí òpó po bíi rìǹgì, wọ́n á wá máa yí róólà olójú-ìlà lọ lọ́nà fọ́nrán nìkan. Kò gbọ́dọ̀ dábùú rẹ̀, kí fọ́nrán má baà wọ́. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń lé jáde. Nígbà tí gọ́ọ̀mù bá ti ìsàlẹ̀ la àárín fọ́nrán yọ sókè, tí dúdú gbígbẹ di dúdú tó ń tàn yanran, ibẹ̀ ti mu ún yó.

Ní ọjọ́ tí wọ́n wé e, aṣọ náà kò tíì gbé ẹrù kankan. Bẹ́líìtì tí o fi di ṣòkòtò kò fún ọ títí o fi jẹ iyán yó. Bẹ́ẹ̀ náà ni tirẹ̀. Ìgbà tí ẹrù bá tẹ kọnkéré mọ́lẹ̀ tó fẹ́ wú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni aṣọ tó dì í mú. Òpó roboto ló ń jàǹfààní èyí jù, torí yíká-yíká ni ìdìmú náà ṣe dọ́gba.

Bó bá gbẹ, òòlù kékeré dé. Ibi tó lẹ̀ dáadáa á dún kó, kó. Ibi tí afẹ́fẹ́ fara pamọ́ sí á dún bòn-ùn. Wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì yí ibẹ̀ ká. Bí kò bá tóbi, abẹ́rẹ́ ni wọ́n á fi fún gọ́ọ̀mù wọlé. Bó bá tóbi, wọ́n á gé e kúrò, wọ́n á sì lẹ òmíràn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dà tí yóò gba oòrùn lórí rẹ̀.

Iná nìkan ni mi ò lè gbóríyìn fún un sí. Ooru tí kò tó ti omi híhó ti tó láti mú ọ̀pọ̀ nínú irú gọ́ọ̀mù yìí rọ̀. Nítorí náà, bí ẹnjiníà bá ń ṣírò ti ilé tó ń jó, á ṣe bíi pé aṣọ kò sí níbẹ̀ rárá: òpó àtijọ́ yẹn gbọ́dọ̀ lè dá gbé ilé dúró títí àwọn ènìyàn á fi jáde.