Kóńgò Wo Ni Wọ́n Fi Wọ̀n Ọ́n?

Bí ènìyàn bá dé ọjà Ìkòtún láti ra ẹ̀wà tàbí gàrí, iye owó kọ́ ni ohun tí ẹni tí ó mọ ọjà ná máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Kóńgò ni yóò kọ́kọ́ wò. Yóò gbé e sókè, yóò wo ìdí rẹ̀ bóyá wọ́n ti fi òòlù lù ú wọnú, yóò wo ẹnu rẹ̀ bóyá wọ́n ti gé e kúrú, nítorí ó mọ̀ pé ìsọ̀ méjì tí ó kojú sí ara wọn lè pe iye kan náà, kí gàrí ọ̀kan má sì tó ti èkejì. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ènì tó kàn. Mo fẹ́ mú ọgbọ́n yìí, tí a kì í kọ́ ní yunifásítì, lọ sí ibi tí ẹ̀yin òǹkàwé mi lè má retí, èyí ni inú ìwé ìpolówó àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n wọ́n jù tí wọ́n sì yára jù ní ayé. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí lítíréṣọ̀. Ó ní àsọrégèé, ó ní àfiwé, ó ní ẹni tí ń kì àti ohun tí a ń kì. Ó tọ́ kí lámèyítọ́ yẹ̀ ẹ́ wò gẹ́gẹ́ bí ó ti ń yẹ ìjálá wò.

Ní ọdún 2013, ilé-iṣẹ́ mẹ́ta gbé ọkọ̀ mẹ́ta síta tí àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ ṣì ń tìtorí wọn jiyàn títí di òní. McLaren ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe P1, ó ní 375 péré ni òun yóò ṣe. Ferrari ti ilẹ̀ Ítálì ṣe LaFerrari, 499, kí ó tó di pé ó fi ẹyọ kan kún un ní 2016, tí wọ́n lù ní gbàǹjo láti fi owó rẹ̀ ran àwọn tí ilẹ̀ ríri ṣe lọ́ṣẹ́ lọ́wọ́. Porsche ti ilẹ̀ Jámánì ṣe 918 Spyder, iye rẹ̀ sì jẹ́ 918 géérégé, bí ẹni pé orúkọ ni ó bí iye. Àmúlùmálà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ẹ́ńjìnnì tí ń mu epo bẹntiróòlù wà nínú wọn, mọ́tọ̀ tí ń fi iná bátìrì ṣiṣẹ́ sì tì í lẹ́yìn. (Àwa olùkọ́ èdè Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ náà, àmúlùmálà, yin ènìyàn. Ẹni tí ó bá ń da Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ Yorùbá ni a fi ń bá wí. Ó jọ mí lójú díẹ̀ láti rí ibi tí ó ti di oríkì.)

Ferrari ní agbára ẹṣin 963 ni tirẹ̀, McLaren ní 916, Porsche ní 887. Bí ọ̀rọ̀ bá mọ níbẹ̀, ìjà ti parí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbé kóńgò sókè.

Ẹ wo ti ìwọ̀n ná. McLaren kọ ọ́ pé P1 wọn kìlógíráàmù 1,395. Porsche kọ 1,674 fún 918. Ẹni tí ó bá kà á báyìí yóò sọ pé ti ará Jámánì ti sanra jù. Ohun tí ó fara sin ni pé ìwọ̀n gbígbẹ ni McLaren ń polówó, èyí tí kò ka epo bẹntiróòlù, ọ́ìlì àti omi tí ń bẹ nínú ọkọ̀, nígbà tí ti Porsche kà wọ́n mọ́ ọn. Ọkọ̀ tí kò ní ọ́ìlì tàbí epo nínú kò sì lè kúrò lójú kan. Ẹja gbígbẹ àti ẹja tútù ni a gbé sórí òṣùwọ̀n kan náà, tí a wá ń sọ pé èyí fúyẹ́ ju ìyẹn lọ. Lóòótọ́ 918 wúwo jù ú, ṣùgbọ́n kò tó bí ìwé ìpolówó ti fi hàn.

Ti eré sísá láti ojú kan tún ṣe ẹlẹgẹ́ ju èyí lọ. Láti ìdúró dé kìlómítà 100 ní wákàtí kan, Porsche ní ìṣẹ́jú-àáyá 2.6, McLaren ní 2.8, Ferrari ní òun kò lò tó 3. Nígbà tí ó yá, ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà kan tí a ń pè ní Car and Driver dán 918 wò, ó ní ìṣẹ́jú-àáyá 2.2 ni. Ǹjẹ́ Porsche wá fi ara rẹ̀ pamọ́ ni? Àwọn kan sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi yìn ín pé kò fọ́nnu tó bí agbára rẹ̀ ti tó. Èmi kò tíì gbà. Máìlì 60 ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń wọ̀n, èyí kò sì tó kìlómítà 97. Yàtọ̀ sí èyí, àṣà wọn ni pé agogo kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í kà títí ọkọ̀ yóò fi rìn tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe níbi ìdíje ọkọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹsẹ̀ bàtà kan dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ìgbà tí ọkọ̀ ń kúrò lójú kan ni ó lọ́ra jù, ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú-àáyá sì ni gbogbo ohun tí a ń jà lé lórí. Nítorí náà 2.2 àti 2.6 kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Ibi tí ìdí kóńgò wọnú jù lọ ni ọ̀rọ̀ epo. Porsche kéde pé lítà 3.1 ni 918 yóò mu fún kìlómítà 100. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i: ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 4.6, tí ó lè sá kìlómítà 345 ní wákàtí kan, ni wọ́n ní ó ń mu epo tí kò tó ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré. Irọ́ kọ́ o. Ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù ìgbà náà ni wọ́n tẹ̀ lé. Ìlànà ọ̀hún ni pé kí a wa ọkọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ nínú yàrá àyẹ̀wò, lórí irin tí ń yí lábẹ́ táyà. Ọkọ̀ àmúlùmálà tí a lè fi okùn iná sí yóò ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà kan tí bátìrì rẹ̀ kún, ìgbà kan tí ó gbẹ. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò da àbájáde méjèèjì pọ̀, pẹ̀lú ìrò pé lẹ́yìn tí iná bátìrì bá tán, olówó ọkọ̀ kò ní rìn ju kìlómítà 25 lọ kí ó tó tún fi iná sí i. Ta ni ẹni náà? Ó jẹ́ olówó tí ó ra ọkọ̀ 845,000 dọ́là, tí ó ń wà á bí ẹni tí ń gbé ẹyin, tí kò sì jẹ́ gbàgbé láti ki okùn iná bọ̀ ọ́. Nínú ìtàn àròsọ, ẹ̀dá-ìtàn tí kò sí níbì kan ni a ó pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. P1 tí bátìrì rẹ̀ kéré kò rí ju 8.3 lọ lórí òṣùwọ̀n kan náà, LaFerrari tí kò sì ní ojú ihò tí a lè ki okùn iná bọ̀ kò rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fi àwọn iye wọ̀nyí díje, ìtóbi bátìrì ni ó fi ń díje, kì í ṣe ẹnu tí ọkọ̀ fi ń mu epo.

Mo wá dé orí ohun tí mo kà sí ewì tòótọ́ nínú ìdíje yìí, èyí ni òpópó Nürburgring ní ilẹ̀ Jámánì. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án 2013, Marc Lieb wa 918 yí ibẹ̀ po ní ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú-àáyá 57. Kìlómítà 20.6 ni wọ́n wọ̀n fún un. Odindi òpópó náà jẹ́ kìlómítà 20.832, ṣùgbọ́n àṣà ọjọ́ náà ni láti fo ibi gbọnrangandan kékeré kan, gbogbo ènìyàn sì mọ̀. Ní oṣù Kejìlá, McLaren sọ pé P1 náà ti wọ abẹ́ ìṣẹ́jú 7. Mélòó ni? Kò sọ. Ferrari ní tirẹ̀ kò kéde àkókò kankan.

Ọ̀nà mẹ́ta tí ènìyàn ń gbà yangàn nìyí. Ferrari ń ṣe bí ọba tí kì í bá ará ìlú jìjàkadì. Orúkọ tí ó sọ ọmọ rẹ̀ pàápàá fi bẹ́ẹ̀ hàn: LaFerrari kò ju “Ferrari náà gan-an” lọ, bí ìgbà tí baba kan bá sọ ọmọ rẹ̀ ní Ọmọ. Mo fẹ́ràn ìgbéraga yẹn ju ti McLaren lọ. Ẹni tí ó ní òun borí ṣùgbọ́n tí kò ní sọ bí òun ṣe borí ti fẹ́ gba oyè láìdé ààfin. Porsche ni kò ní adùn lẹ́nu nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìwé rẹ̀ gbẹ bí ìwé ìṣirò, síbẹ̀ òun ni mo fún ní ipò kìíní, nítorí ó sọ ọjọ́, ó sọ ibi, ó sọ ẹni tí ó wà á, ó sì sọ iye tí ẹlòmíràn lè wá já ní koro.

Ìlànà yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Adébóyè Babalọlá, nínú ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìjálá tí ó jáde ní 1966, fi hàn pé àwọn onísùúre kì í dákẹ́ bí ẹnìkan wọn bá ṣi oríkì sun. Wọn yóò dá a lóhùn níbẹ̀, wọn yóò ní kò rí bẹ́ẹ̀, òun náà yóò sì gbèjà ara rẹ̀. Àsọrégèé ní àyè, ṣùgbọ́n orúkọ baba ẹni kò gbọdọ̀ di ti ẹlòmíràn. Ohun tí kò sí ní Nürburgring ní 2013 nìyẹn: ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ń mú agogo tirẹ̀ wá, tí ó sì ń jẹ́rìí fún ara rẹ̀.

Kí ará Àlímọ̀ṣọ́ má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan ni mo ń sọ. Ní 2006, Àjọ Ìkànìyàn ti Orílẹ̀-èdè kà wá, ó ní a jẹ́ 1,277,714 ní ìjọba ìbílẹ̀ yìí. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó ṣe ìkànìyàn tirẹ̀ ní ọdún kan náà ní a jẹ́ 2,047,026. Ènìyàn 769,312 ni ó wà láàárín iye méjèèjì, láti Ẹ̀gbẹ́dá títí dé Ìgàndò, tí a kò mọ̀ bóyá wọ́n wà tàbí wọn kò sí. Ní ti gbogbo ìpínlẹ̀, 9,113,605 ni ti àjọ, 17,552,940 ni ti Èkó. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni ó ní ohun tí yóò jẹ nínú iye tirẹ̀, nítorí iye ènìyàn wà lára ohun tí a fi ń pín owó àpapọ̀.

Ilé Porsche, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn tán, kò mọ́ ju ilé ẹlòmíràn lọ. Ferdinand Porsche ni ó ya àwòrán Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní ọ̀nà Badagry ní 1975, bọ́ọ̀sì Volkswagen ni a sì fi ṣe dánfó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2012 ni Porsche bọ́ sábẹ́ Volkswagen pátápátá. Ní oṣù Kẹsàn-án 2015, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bójú tó àyíká tú àṣírí pé Volkswagen ti fi ètò kọ̀ǹpútà kan sínú àwọn ọkọ̀ rẹ̀ tí ń lo dísù. Bí ọkọ̀ bá ti mọ̀ pé wọ́n ń yẹ òun wò, yóò dín èéfín rẹ̀ kù. Bí ó bá dé títì, ó di tirẹ̀. Nǹkan bí mílíọ̀nù 11 ọkọ̀ káàkiri ayé ni ọ̀rọ̀ náà kàn. 918 kò sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín kóńgò tí ìjọba fúnra rẹ̀ gbà kí ìdí rẹ̀ wọnú, àti èyí tí ọlọ́jà fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ní òru. Èkejì yìí ni olè.

Láti ìgbà náà, nǹkan ti yí padà díẹ̀. Ní 2017, Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìlànà epo tí ó le ju ti àtijọ́ lọ. Ní 2019, àwọn tí ó ni Nürburgring sọ pé ẹni tí ó bá fẹ́ kí àkókò òun wọ ìwé gbọdọ̀ yí odindi kìlómítà 20.832 po, níṣojú amòfin tí ó láṣẹ láti jẹ́rìí. Lábẹ́ òfin yìí ni Maro Engel fi wa Mercedes-AMG ONE, àmúlùmálà mìíràn, ní ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú-àáyá 35.183 ní 2022, tí ó sì tún dín in sí 6 àti 29.090 ní oṣù Kẹsàn-án 2024. Oṣù kan kò pé sí i tí àwọn ọ̀tá àtijọ́ tún fi yọ: McLaren W1 tí ó ní agbára ẹṣin 1,275 ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá, Ferrari F80 tí ó ní 1,200 ní ọjọ́ 17. Ferrari ní òun yóò dé kìlómítà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá 2.15, McLaren ní 2.7. Àwọn méjèèjì ní eré àwọn kò ní kọjá 350. Ẹni tí ó ti ka àròkọ yìí dé ibí mọ ohun tí yóò kọ́kọ́ bèèrè.

Kí ni ọ̀rọ̀ yìí kàn wá sí, nígbà tí kò sí ibi tí ènìyàn ti lè sá kìlómítà 350 láàárín Ìdímù àti Ìkòtún? Ó kàn wá nítorí epo. Kí a tó yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Karùn-ún 2023, lítà kan kò tó 200 náírà. Ní oṣù Kẹwàá 2024, ó ti súnmọ́ 1,000 ní Èkó. Láti ìgbà náà ni orin àwọn tí ń ta tòkunbọ̀ ti yí sí àmúlùmálà, Toyota Prius àti Camry, tí wọ́n ní kì í mu epo rárá. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, ó sì dùn mọ́ni pé ojú ọ̀nà tiwa ni òótọ́ náà pọ̀ sí. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ́ńjìnnì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń kú nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, bí awakọ̀ bá sì ti ń tẹ bíréèkì ni díẹ̀ nínú agbára tí ì bá ṣòfò ń padà sínú bátìrì. Ní ọ̀nà márosẹ̀ tí ó já geere, èrè náà kéré. Ọjọ́ orí bátìrì ńkọ́? Ẹ̀rọ amúlétutù tí a kì í pa nínú ooru ńkọ́? Ìwọ̀nyí kì í sí nínú orin ọlọ́jà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra á, kí ó rọ epo kún táńkì, kí ó kọ iye tí ó wà lójú ọkọ̀ sílẹ̀, kí ó wà á láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìgàndò ní àṣálẹ́ nígbà tí ọ̀nà bá dí, ní àlọ àti àbọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan bí ọlọ́jà bá gbà, kí ó sì padà sí ilé epo kan náà láti rọ ọ́ kún, kí ó wo iye lítà tí ó wọ̀ ọ́. Kí ó mú kẹ́ẹ̀gì tí ó mọ ìwọ̀n rẹ̀ dájú lọ́wọ́ pẹ̀lú, nítorí mítà ilé epo náà ní ìdí tirẹ̀.